Ẹrù Tí A Kò Kà Nínú Ọkọ̀ Omi Alájì Gàníyù

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìró ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn tó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà ṣe máa ń rìn nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn. A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a máa ń bá kí a tó dé ìlú Ọlá. Ìkùukùu bo ọ̀nà, oòrùn ti là ṣùgbọ́n kò tíì rí wa. Ràmátù ló ń wa píkọ́ọ̀pù, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi kan la ń fà lẹ́yìn. Òfìfo ni, bàbá Ràmátù tó ni ín sì ti wà nínú sàréè láti nǹkan bí oṣù méjì.

Ràmátù tẹ bíréèkì díẹ̀. Ẹsẹ̀ náà sáré bọ̀ wá síwájú, gbì, gbì, gbì, nǹkan sì tì wá. Ó tì wá gan-an, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹlòmíràn lẹ́yìn.

“Tọ́ntọ́n,” ni Ràmátù wí, nítorí Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pe ọ̀rẹ́ bàbá ẹni níbẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ?”

Mo ní mo gbọ́ ọ.

“Papa ni.”

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe òkú nìkan, àwọn tó wà láàyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì tó lè mọ ìdí rẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Ràfíù ni orúkọ mi. Bí ẹ bá dé Ẹ̀jìgbò tí ẹ béèrè Ràfíù, wọn yóò bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ béèrè Bàbá Ìkọ́. Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù tó fẹ́ kó máa fa nǹkan lẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ìbáà jẹ́ táǹkì omi, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń bọ̀. Ohun tó ní táyà méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a ń kọ́ mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, rèmọ́kì ni wọ́n ń pè é ní Àbíjàn. Nílé níbí, bí ẹ bá ní tírélà, ọkàn àwọn èèyàn á lọ sórí ọkọ̀ gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ńtì. Nítorí náà ni mo ṣe sọ ọ́ ní ọmọlẹ́yìn. Ibi tí ọ̀gá bá gbà ló ń gbà. Ohun kan ṣoṣo tó fi yàtọ̀ sí ọmọlẹ́yìn tòótọ́ ni pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe àìbìkítà, ó lè yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó sì kọ́kọ́ wọ kòtò.

Àbíjàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi, Bàbá Làmídì, ọmọ Ìsúndùnrin ni, ṣùgbọ́n Pàtírọ̀n ni gbogbo ayé ń pè é, ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ní ọkọ̀ omi máa ń gbé píkọ́ọ̀pù wọn wá. Oníbàárà yóò dé, yóò máa yin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń yin ọmọ tuntun, Pàtírọ̀n yóò sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìdí ọkọ̀ náà.

“Ẹ́ńjìnnì ló ń fà á lọ,” ni yóò wí láti abẹ́ ibẹ̀. “Bíréèkì ló ń mú un bọ̀ wálé.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kejì ni pé ẹrù tí a bá kà kì í pani, èyí tí a kò kà ni kí a bẹ̀rù. Kó tó gé irin kankan, oníbàárà gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tí yóò wọ ọkọ̀ náà fún un: epo, omi mímu, yìnyín, ẹja tí wọ́n bá pa bọ̀, àti gbogbo ẹni tí yóò jókòó. Ọkùnrin kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló kan onírin pẹ̀lú àna òun. Pàtírọ̀n ní, “Ṣé kò sanra ni?”

Ohun kẹta ni àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí bí ọkọ̀ omi ṣe lè ṣófo tó, Pàtírọ̀n kì í fọwọ́ kàn án láìkí i. Yóò dúró sí imú rẹ̀, yóò ní, “Àgò o, ẹ kú ìjókòó,” bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé onílé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka rẹ̀ máa kan ara ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, tí yóò sì tẹ́tí. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ta ló ń kí.

“Ọkọ̀ tí èèyàn ti jókòó sí rí kì í ṣófo tán,” ló wí. “Bó o bá kí i tí kò dáhùn, o lè gbé e. Bó bá dáhùn, dúró ná.”

Ó rẹ́rìn-ín. Títí tó fi kú, n kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Àbíjàn náà ni mo ti mọ Alájì Gàníyù, bàbá Ràmátù. Aṣọ ló ń tà níbẹ̀, ó sì ní ọkọ̀ omi onírin aláwọ̀ ewé kan tó fi ń pẹja lọ́jọ́ ìsinmi. Òun àti Ràmátù ni wọ́n jọ máa ń wà á. Nígbà tó darí wálé pátápátá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀, òun gbé ọkọ̀ omi. Ẹ̀jìgbò rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi sú u. Ìlú wa kò ní ọ̀sà, kò sì sí òkun nítòsí. Ṣùgbọ́n adágún omi kan wà tí dáàmù, ìdènà odò, dá sílẹ̀, kọjá Ọlá, ibẹ̀ ni Alájì ń fojú sùn. Ó fẹ́ máa pẹja níbẹ̀, kó sì máa gbé àwọn àgbẹ̀ sọdá, kí wọ́n yé fi ẹsẹ̀ yí adágún náà po pẹ̀lú ẹrù lórí.

“Ràfíù,” ó ní, “bá mi wá píkọ́ọ̀pù tí yóò máa fà á.” Ó sọ bí ọkọ̀ omi náà ṣe wúwo tó fún mi, mo sì fi sọ́kàn. Kí a tó rí píkọ́ọ̀pù, àìsàn ti mú un. Ó kú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ọkọ̀ omi náà sì wà lórí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kò jìnnà sí orí sàréè.

Àbúrò rẹ̀, Alájì Tìjání, ló di olórí ẹbí. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ ti olóògbé títí a ó fi ṣe fídáù ogójì ọjọ́, tí a ó sì pín ogún. Àṣẹ tó dára ni, bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti yàrá rẹ̀ pa, wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀ omi, ó tán.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ agbo ilé láàárọ̀ ní àwọn gbọ́ tí ẹnì kan ń rìn nínú ọkọ̀ omi. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ tí ọkọ̀ náà bá mì, ẹsẹ̀ yóò lọ, ẹsẹ̀ yóò bọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké kò ṣa máńgòrò níbẹ̀ mọ́, máńgòrò sì ń jẹrà lórí tapólì. Alùfáà sọ fún wa pé òkú kì í rìn. Gbogbo wa ṣe àmín, a sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ràmátù ti Àbíjàn dé fún fídáù. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, kò béèrè ilé, kò béèrè ilẹ̀. Ó ní ọkọ̀ omi ni òun fẹ́, òun yóò sì ṣe ohun tí bàbá òun fẹ́ fi ṣe. Alájì Tìjání yíjú sí ọkọ̀ náà.

“Ọmọ mi,” ó ní, “bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá sinmi, ọkọ̀ yìí ló fà á. Ọkàn mi sọ pé kí n tà á fún àwọn tó ń gé irin, kí ẹ̀gbọ́n mi lè sinmi.” Ràmátù bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bá a bẹ̀ ẹ́. Ó wá gbà lórí àdéhùn kan: kí Ràmátù fa ọkọ̀ náà dé adágún ní ojúmọmọ, òun yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tirẹ̀ ni. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó jọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, a ó yí padà, ẹni tó ń gé irin ni yóò sì wá gbé e. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ wá dọ́wọ́ mi. Ìbàdàn la lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Ràmátù ti rí èyí tó wù ú kí n tó bọ́ sílẹ̀: pupa, ó ń dán, awọ ni àga rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń pè é ní ìyàwó. Mo dùbúlẹ̀ mo wo abẹ́ rẹ̀. Ṣáàsì, irin gígùn méjì tó jẹ́ eegun ẹ̀yìn ọkọ̀, ni mo kọ́kọ́ wò. Ọ̀dà tuntun wà lára rẹ̀, ọ̀dà tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àlòkù kì í sì í ṣe ẹwà, ìbòjú ni. Mo fi òòlù kàn án, ìpẹtà já bọ́ sí mi lójú. Mo dìde, mo fa bẹ́líìtì àga rẹ̀ jáde títí dé òpin. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti mu omi rí. Bí àgbàrá bá bo ọkọ̀, wọ́n lè fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rántí fọ ibi tí bẹ́líìtì ń sùn. Omi ló mọ ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọjà yẹn, ẹ ó gbọ́ bí mo ṣe gbàgbé rẹ̀.

Èyí tí a rà, funfun ni, ó ti ṣá, dísẹ̀lì ló ń mu, ó sì ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùgbọ́n ó gùn. Píkọ́ọ̀pù tó bá kúrú, ohun tó ń fà lè gbọ̀n ọ́n bí ajá ṣe ń gbọn èkúté. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ní ewé irin lórí ewé irin, réèdíétọ̀ rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ ni a sì ń fi yí jíà rẹ̀, tí èèyàn lè fi ẹ́ńjìnnì dì í mú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

“Kò rẹwà, Tọ́ntọ́n,” ni Ràmátù wí.

“Kò rẹwà lóòótọ́. Ìwọ ni wàá máa rẹwà nínú ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé.

Àwọn kan máa ń jó ìkọ́ mọ́ bọ́ńpà. Ọ̀ṣọ́ ni bọ́ńpà, ọjọ́ tí ẹrù bá fà á dáadáa ni yóò bá ẹrù lọ. Mo gbé irin tó nípọn dábùú láti ṣáàsì ọ̀tún dé ti òsì, mo fi bọ́ọ̀tù dè é láìjó o, nítorí iná a máa sọ irin ṣáàsì di aláìlera. Mo gbé orí ìkọ́ lé e, roboto bí ọsàn. Mo so ṣéènì méjì tí wọ́n gba abẹ́ imú ọmọlẹ́yìn kọjá lára ara wọn, pé bí ìkọ́ bá já, kí imú náà bọ́ sórí ṣéènì, kó má gún ilẹ̀. Mo fa wáyà iná sí i, mo fi dígí tó yọ síta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bíréèkì ló gba àkókò jù. Mo ṣe bíréèkì sí táyà ọmọlẹ́yìn fúnra rẹ̀, mo fa okùn irin rẹ̀ gba abẹ́ píkọ́ọ̀pù wọnú, mo sì so ó mọ́ irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ẹni tó bá fa irin náà, ọmọlẹ́yìn nìkan ni bíréèkì yóò mú. Mo tún kọ́ Ràmátù bí a ṣe ń fi ọmọlẹ́yìn rìn sẹ́yìn, pé bó bá fẹ́ kó lọ sí ọ̀tún, òsì ni kó yí ọwọ́ ìdarí sí. Ó tètè mọ̀ ọ́n ju èmi lọ nígbà tí mo ń kọ́ ọ.

Mo wá ka ẹrù. Mo ka ọkọ̀ omi, ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀, epo, àpótí yìnyín, Ràmátù àti èmi. Ìwọ̀n ọkọ̀ omi, ohun tí Alájì Gàníyù sọ fún mi nígbà tó wà láyé ni mo lò. Olóòótọ́ ni. Òótọ́ ló sì sọ, ní ọjọ́ tó sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ó gbé e, gbogbo agbo ilé jáde wá wò wá. Ó yẹ kí n dúró sí imú ọkọ̀ náà kí n kí i, kí n kàn án dé ìdí. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn wà lára mi. Bí Bàbá Ìkọ́ bá dúró níwájú ọkọ̀ òfìfo tó ń sọ pé ẹ kú ìjókòó, kí ni wọn yóò wí? Wọn yóò ní òun náà ti rí olóògbé, Alájì Tìjání yóò sì ti ta ọkọ̀ náà kí n tó so ó. Mo panu mọ́. Mo gbé imú ọmọlẹ́yìn lé orí ìkọ́, ìdí píkọ́ọ̀pù sì wọlẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, nínú ìkùukùu, tí ẹsẹ̀ ń rìn lẹ́yìn wa.

Ó tún tì wá. Nígbà yìí, ọmọlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí, ó lọ sí ọ̀tún, ó bọ̀ sí òsì, píkọ́ọ̀pù funfun náà sì ń bá a mì. Nísàlẹ̀, afárá kan wà tí kò fẹ̀.

“Má tẹ bíréèkì,” mo ní. “Jíà kejì. Di ọwọ́ ìdarí mú, má bá a jà.”

Ó ṣe bí mo ti wí. Mo na ọwọ́ sí irin kékeré náà, mo fà á díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó pé okùn yóò já. Kò já. Ohun tó wà lẹ́yìn wa rọra padà sójú ọ̀nà, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. A dúró kí a tó kan afárá. Ọwọ́ Ràmátù kò fẹ́ kúrò lára ìdarí, èmi ni mo bá a tú ìka rẹ̀.

Alájì Tìjání ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Fìlà rẹ̀ ti já bọ́, kò sì mọ̀.

“Ràfíù, ó tó,” ó ní. “Ẹ yí i padà. Mo ṣí dígí ọkọ̀ mi sílẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ lọ.”

Ràmátù kúnlẹ̀ sójú títì nínú ìrì. “Papa kékeré, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti pín gbogbo ohun tí Papa ní. Èyí nìkan ni mo ní tó ṣì ní òórùn wọn.”

“Ọmọ mi, mo mọ ìrìn wọn. Àti kékeré ni mo ti mọ ìrìn wọn.” Ojú rẹ̀ kún fún omi. “Ìwọ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré ni?”

Kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà. Ìkùukùu bo oko tọ̀tún tòsì, ẹyẹ kankan kò ké. Mo dúró síbẹ̀, àánú àwọn méjèèjì ń ṣe mí, mo sì rí i pé ojú agbo ilé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ síwájú ọkọ̀ omi náà. Mo ní, “Àgò o. Ẹ kú ìjókòó.” Alájì Tìjání wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Lára òkè, ó dún bí ìṣà òfìfo. Mo tẹ̀ ba, mo kan ìsàlẹ̀, kò dún. Ó gbé ohùn mì.

Ojú mi là.

Nídìí irú ọkọ̀ omi bẹ́ẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, ihò kékeré kan wà tí èdídí bàbà ń dí. Bó bá wà lójú omi, a ó dí i. Bó bá wà lórí ilẹ̀, a ó ṣí i, kí òjò lè rí ibi jáde. Alájì Gàníyù ló máa ń ṣí i, òun ló máa ń dí i. Ẹni tó wà nínú sàréè kò lè ṣí i, àwọn tó wà lókè eèpẹ̀ ni wọ́n sì ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Gbogbo òjò tó rọ̀ títí di fídáù ti gba ibi tí tapólì ti ya wọlé, ó sì ti jókòó sábẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Irin tó gbé pákó náà ró pín ibẹ̀ sí iyàrá iyàrá. Bí omi bá ti ń ṣàn láti iyàrá kan sí èkejì, yóò lu irin, gbì, gbì, bí ẹsẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún ọkùnrin náà ló sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ẹrù.

Mo yọ èdídí náà. Omi dúdú tú jáde, ewé máńgòrò wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí ti kànga tí wọ́n ti pa tì. Ó ṣàn gba ẹ̀bá títì lọ sínú oko, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ìdí píkọ́ọ̀pù ń gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dìde láti ìforíkanlẹ̀. Alájì Tìjání jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

“Omi ni,” ó ń wí. “Omi ni. Ràmátù, máa gbé e lọ. Níwájú Ọlọ́run, tìẹ ni.”

Ó nu ojú rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Èmi sì ṣe ohun tí iṣẹ́ wí, mo tún kan ọkọ̀ omi náà láti imú dé ìdí. Níbi gbogbo ó dún gbáńgbáń, lókè àti nísàlẹ̀. Mo dé apá ọ̀tún, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, mo dáwọ́ dúró láti nu ẹrẹ̀ ọwọ́ mi. Nǹkan kan dún padà láti inú. Kó! Ẹ̀ẹ̀kan péré, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fi ìka kan ilẹ̀kùn láti inú yàrá.

Ràmátù dúró lẹ́bàá táyà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ṣéènì. Ó wò mí, mo wò ó. Bí ọ̀kan nínú wa bá lanu, Alájì yóò gbọ́, ọkọ̀ náà lọ nìyẹn. Mo gbájú mọ́ iṣẹ́. Mo rí i pé òsì ọmọlẹ́yìn ti gbé sókè dáadáa, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ṣì wọlẹ̀ díẹ̀. Mo fún táyà ọ̀tún wò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Mo fi ìka ra ewé sípíríǹgì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ṣẹ́. Mo rántí Pàtírọ̀n: bó bá dáhùn, dúró ná. Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà a lọ, kò sì sí ìró ẹsẹ̀ kankan mọ́ títí a fi dé etí adágún.

Ràmátù fi ọmọlẹ́yìn rìn sẹ́yìn wọ omi bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi èdídí dí ihò náà, mo tú okùn, omi sì gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí irin. Alájì Tìjání ṣe àdúà, ó gbé owó àdúà sínú ọwọ́ Ràmátù, ó ń lọ sílé pẹ̀lú ara yíyá. Nígbà tó lọ tán ni mo tó sọ ohun tí ojú mi ń rí. Ọkọ̀ omi náà kò dúró ṣánṣán lójú omi. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún.

Ràmátù wọnú rẹ̀, ó jókòó sí apá òsì, ọkọ̀ náà sì gún régé.

“Ọ̀tún ni wọ́n máa ń jókòó sí,” ó ní, “kí wọ́n lè ráyè di ẹ́ńjìnnì mú. Èmi máa ń wà níbí.” Ó fi ọwọ́ pa àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Tọ́ntọ́n, nígbà tí ẹ ka ẹrù, ta lẹ kà?”

“Èmi àti ìwọ.”

“Ẹ ka Papa mọ́ ọn.”

Ràmátù kò bẹ̀rù, èmi náà sì tijú láti máa bẹ̀rù níwájú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, ó gbé ọmọlẹ́yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi ewé irin kan kún sípíríǹgì apá ọ̀tún. Mo fi apá òsì sílẹ̀ bó ti wà. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù béèrè ìdí rẹ̀, mo ní ọ̀nà Ọlá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ojú mi kò gba iná mọ́. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi mọ bíréèkì, ó mọ ṣáàsì, ó sì máa ń kí ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, kódà bí oníbàárà bá ń rẹ́rìn-ín. Ràmátù ṣì ń gbé àwọn àgbẹ̀ sọdá adágún. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ kì í mì, bí atẹ́gùn ti wù kó le tó.

Ẹ bi oníṣẹ́ sípíríǹgì èyíkéyìí. Bí ẹ bá fi ewé irin kún ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ kò fi kún ìkejì, ohun òfìfo tó bá wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Láàárọ̀ àná, Ràmátù fa ọkọ̀ omi náà lórí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dé iwájú ilé mi láti fún mi ní ẹja. Bó ti ń wọlé lọ kí ìyàwó mi, mo jáde, mo kí ọkọ̀ omi náà, mo sì tẹ̀ ba lẹ́yìn rẹ̀ láti wò ó bí mo ti máa ń wò ó. Òfìfo ni. Ó dúró ṣánṣán, kò tẹ̀ sí òsì, kò tẹ̀ sí ọ̀tún.